Arthur Schomburg, Akójọ-Àwòrán

Ní agbègbè Ọjà Ọba, láti Bẹẹrẹ títí dé Màpó àti Béyerúnkà, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ pálọ̀ ilé àgbà kan kí ó má rí àwòrán lára ògiri. Àwòrán baálé ilé tí ó ti kú a máa wà níbẹ̀, òun ti agbádá rẹ̀, tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a to ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká. Àlejò yóò wò wọ́n fìrí, yóò sì jókòó. Bí ọmọdé bá béèrè ẹni tí ó wà nínú àwòrán, nígbà mìíràn a rí ẹni dá a lóhùn, nígbà mìíràn a kì í rí. Bí ẹni tí ó mọ olóògbé náà bá sì ti kú tán, àwòrán di bébà lásán. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kun ilé ní ọ̀dà, a ó kó o sí ẹ̀yìnkùlé, òjò yóò sì pa á.

Ìtàn ọkùnrin kan tí kò gbà kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ parun ni a fẹ́ sọ. Orúkọ rẹ̀ ni Arturo Alfonso Schomburg, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di Arthur. Kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Akọ̀wé báńkì ni í ṣe, ó ń gba owó oṣù bí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, inú ilé rẹ̀ ni ó kó àwòrán àti ìwé jọ sí títí wọ́n fi di ìṣúra tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ibi gbogbo ní ayé ń wá wò.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1874 ni a bí i ní ìlú San Juan, ní erékùsù Puerto Rico, tí ó wà ní abẹ́ ìjọba Spéìn ní àkókò náà. Ọdún 1873, èyí tí ó ṣáájú ìbí rẹ̀, ni òfin dá àwọn ẹrú erékùsù náà sílẹ̀. Ní ìhà ti wa níhìn-ín, Ààrẹ Látòósà ni ó wà lórí oyè ní Ìbàdàn, ogun Kírìjí kò sì tí ì bẹ́ sílẹ̀. Mary Joseph ni orúkọ ìyá ọmọ náà, obìnrin dúdú tí ó ti erékùsù St. Croix wá. Baba rẹ̀ ni Carlos Federico Schomburg, oníṣòwò tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Jámánì wá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ méjì ni ó wà lára rẹ̀, ènìyàn dúdú ni Arturo ka ara rẹ̀ sí láti kékeré títí dé ọjọ́ ikú.

Ohun tí ó yí ìgbésí-ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, ó bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè nípa ìtàn àwọn ènìyàn dúdú. Olùkọ́ náà dá a lóhùn pé àwọn ènìyàn dúdú kò ní ìtàn, wọn kò ní akọni, wọn kò sì ní ohun ńlá kan tí a lè tọ́ka sí pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ìbá gbọ́ èyí kí ó sì fi orí balẹ̀. Àwọn mìíràn ìbá bínú, wọn ìbá sì gbàgbé. Ti Arturo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò tó kí ènìyàn kàn sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí a bá pè lẹ́jọ́ kò lè fi ariwo jàre. Ẹ̀rí ni yóò mú wá. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1891 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New York, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní àkókò kan náà, àwọn jagunjagun Ìbàdàn ṣì wà ní ibùdó ogun, nítorí ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ká. Iṣẹ́ tí ó bá yọjú ni ọmọkùnrin náà ń ṣe, tí ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ní ọdún 1892 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Las Dos Antillas sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń jà kí Kúbà àti Puerto Rico lè gba òmìnira lọ́wọ́ Spéìn. Ó yẹ kí a rántí pé Kúbà yìí ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ẹrú, tí a sì ń pe àwọn ìran wọn níbẹ̀ ní Lùkùmí. Ní ọdún 1898 agbára Spéìn dópin ní erékùsù méjèèjì, ó sì di pé Puerto Rico bọ́ sí ọwọ́ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni Schomburg ti yí ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú sí ti ìtàn.

Láti 1901 sí 1906 ó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ àti akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan. Ó wù ú kí òun náà di lọ́yà, ṣùgbọ́n kò ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi gbà á wọlé ìdánwò. Ilẹ̀kùn náà tì. Ní 1906 ó wọ ilé-iṣẹ́ Bankers Trust, báńkì ńlá kan ní New York, níbẹ̀ ni ó sì wà títí di 1929. Nítorí pé ó gbọ́ èdè Spéìn, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí ń bójú tó lẹ́tà tí ó ń ti ilẹ̀ Caribbean àti Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù wá. Iṣẹ́ báńkì ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti lu pé kí wọ́n ṣíwọ́, iṣẹ́ kejì ni ó kù tí ó ń lọ ṣe.

Kí a tó sọ iṣẹ́ kejì yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú àwòrán tí à ń wí. Kí fọ́tò yíyà tó dé, bí a bá fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ojú ẹnì kan, oníṣẹ́-ọnà ni yóò fín ojú ẹni náà sára awo bàbà pẹ̀lú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígbá Ọ̀yọ́ ti í fín igbá. Yóò fi tàdáwà ra gbogbo ojú awo náà, yóò sì nù ún nù, kí ó lè jẹ́ pé inú ojú fínfín nìkan ni tàdáwà kù sí. Nígbà náà ni yóò tẹ́ bébà tí a ti mú rọ̀ lé e, yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Bébà yóò fa tàdáwà mu, àwòrán yóò sì hàn lára rẹ̀ kedere. Awo bàbà kan ṣoṣo lè bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán. Nínú èyí ni àǹfààní méjì wà. Ìkínní ni pé owó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó ti èyí tí a fi ọ̀dà kùn ní ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí náà akọ̀wé lè rà á. Ìkejì ni pé bí iná bá jó ọ̀kan, tí omi sì gbé èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kẹta wà ní ibì kan nínú àpótí.

Ohun tí Schomburg ń wá kiri nìyí, òun àti àwọn ìwé tí a tẹ àwọn àwòrán náà sí. Ó ń lọ sí àtẹ àwọn tí ń ta ògbólógbòó ìwé, ó ń tú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníwèé ní òkè òkun. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá ń lọ sí ìrìn-àjò, yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun wo ọjà àwọn oníwèé tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta ọjà náà ni kò mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí wọn kò ka ìtàn ènìyàn dúdú sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa fi owó rà. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá ni ó ń rí i. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àkójọ náà ń pọ̀ sí i ní oṣooṣù, láti ara owó akọ̀wé.

Àwọn wo ni ó wà nínú àkójọ náà? A ó mẹ́nu ba díẹ̀. Phillis Wheatley wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí a kó ní ẹrú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Boston ní 1761, nígbà tí eyín rẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀. Ní 1773 a tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní iwájú ìwé náà ni a fín àwòrán rẹ̀ sí: ó jókòó ti tábìlì, kálámù wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó ń ronú. Ignatius Sancho wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ẹrú tí ó di onísọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì dìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1774. Gainsborough, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà, ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní 1768. Bartolozzi sì fín in sára bàbà fún ìwé àwọn lẹ́tà rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1782 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé Olaudah Equiano wà níbẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1789, tí àwòrán òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀, tí ó mú Bíbélì lọ́wọ́. Àwọn ìwé tí ó jẹ mọ́ Toussaint Louverture, akọni Háítì, wà níbẹ̀. Ìwé Jacobus Capitein wà níbẹ̀, ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó kàwé ní yunifásítì Leiden ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tí ó sì gboyè ní 1742.

Èyí tí ó yẹ kí àwa ará ilẹ̀ yìí, tí a fẹ́ràn kàlẹ́ńdà, fi ọkàn sí ni ti Benjamin Banneker. Ní ìpínlẹ̀ Maryland ni a bí ọkùnrin dúdú yìí ní 1731, kò sì jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò. Láti ọdún 1792 ni a ti ń tẹ àlímánáákì rẹ̀, èyí tí ó ń sọ ìgbà tí oòrùn yóò yọ, ìgbà tí òṣùpá yóò là, àti ọjọ́ tí òṣùpá yóò bo ojú oòrùn. Ní iwájú ọ̀kan nínú àwọn ti ọdún 1795, a tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sí i. Nígbà tí Banneker kú ní 1806, ní ọjọ́ tí wọ́n ń sin òkú rẹ̀ gan-an ni iná sọ ní ilé rẹ̀, tí ó sì jó o kanlẹ̀, àti àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí kì í bá ṣe ti àwọn àlímánáákì tí a ti tẹ̀, tí wọ́n sì ti fọ́n ká sí ilé oní-ilé, díẹ̀ ni à bá mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Irú àlímánáákì tí a máa ń lò ní ọdún kan, tí a sì ń dà nù, ni Schomburg ń fi owó rà, tí ó sì ń tọ́jú bí ẹyin.

Kì í ṣe pé ó kàn ń kó wọn jọ bí ọmọdé ti í kó ọsàn jọ. Bí àwòrán kan bá dé ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó fín in, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, àti ìlú tí a ti tẹ̀ ẹ́. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí òkúta ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àwòrán tí a mọ orúkọ àti ọdún rẹ̀ ni ó lè dìde jẹ́rìí. Schomburg a máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1916 tí ó to orúkọ àwọn akéwì aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn ìwé wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Nínú iṣẹ́ yìí kò dá wà. Ní 1911 òun àti oníwèé-ìròyìn kan tí ń jẹ́ John Edward Bruce dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìwádìí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú. Bruce yìí ní ọ̀rẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá: òun àti Mojọlá Àgbébí, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní Èkó, jọ ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. A rí i níhìn-ín pé okùn kan ti wà láti New York dé Èkó ní àkókò tí ọ̀pọ̀ rò pé òkun ti pín àwọn ènìyàn dúdú níyà pátápátá.

Inú ilé Schomburg ní Brooklyn ni gbogbo àkójọ yìí wà. Ó fẹ́ ìyàwó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé ikú mú àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni Elizabeth. Ó bí ọmọ púpọ̀. Àwọn ọmọ wà nínú ilé, ìwé wà nínú ilé, àwòrán wà nínú ilé, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n tilẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó nǹkan jọ sí ilé yẹ kí ó ronú lórí èyí: ààyè tí a fún bébà, ara ilé ni a gbà á lọ́wọ́ wọn. Schomburg kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ìṣúra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí, òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ rí ẹ̀rí, ọ̀dọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. A máa yá wọn ní ìwé, a sì máa kọ lẹ́tà gígùn láti fi dá ìbéèrè wọn lóhùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1925 ó tẹ àròkọ kan jáde tí ó fi sọ ìdí tí ènìyàn dúdú fi gbọ́dọ̀ wa ìtàn ara rẹ̀ jáde bí ẹni wa ohun iyebíye nínú ilẹ̀. Ní ọdún kan náà, ilé ìkàwé ìjọba tí ó wà ní òpópónà kẹẹ̀ẹ́dógóje ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York, ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ìwé, ìtàn àti àwòrán títẹ̀ ti àwọn ènìyàn dúdú. Ẹ̀ka náà ti wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kéré.

Níbí yìí ni a ti dán Schomburg wò. Àkójọ tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó wà ní ilé rẹ̀. Òun ni ó ni í. Òun ni ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá sọ ní ilé rẹ̀ bí ó ti sọ ní ilé Banneker, gbogbo rẹ̀ yóò di eérú. Bí òun bá sì kú, àwọn ajogún lè pín in ní ẹyọ ẹyọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi í sílẹ̀, kò tún ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ó yan èyí tí ó ṣòro. Ní 1926, nípasẹ̀ ìsapá ẹgbẹ́ Urban League, àjọ Carnegie fi ẹgbàárùn-ún dọ́là (10,000) ra gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi í ta ilé ìkàwé náà lọ́rẹ. Ìwé tí ó wà níbẹ̀ ju 5,000 lọ. Ìwé àfọwọ́kọ jẹ́ 3,000. Àwòrán fínfín àti àwòrán ọlọ́dà jẹ́ 2,000. Ìwé pélébé sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọ Harlem tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè rìn wọlé láti ìgboro kí ó sì béèrè pé kí wọ́n gbé ojú Wheatley wá fún òun wò.

Kí ni ó fi owó náà ṣe? Kò fi kọ́lé. Òkè òkun ni ó lọ ní ọdún náà, sí Spéìn, Faransé, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti tún wá ẹ̀rí sí i. Ní Spéìn ó ń tọ ipasẹ̀ Juan de Pareja, ẹni tí ó jẹ́ ẹrú ní ilé Velázquez, ayàwòrán ọba. Velázquez dá Pareja sílẹ̀ ní 1650, òun náà sì di ayàwòrán. Ní Madrid ni Schomburg ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwòrán ńlá tí Pareja yà ní 1661 nípa ìpè Mátíù mímọ́, nínú èyí tí ó ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tí olùkọ́ sọ fún pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ṣe ohun kan rí dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1923 kọ́, ní 2023 ni ilé-ìṣúra Metropolitan ní New York tó ṣe àfihàn ńlá lórí Pareja, wọ́n sì fi ipò ọlá fún ìwádìí Schomburg nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní 1929, ó ṣe olùtọ́jú ìwé ní yunifásítì Fisk láti 1931 sí 1932. Lẹ́yìn èyí ni a pè é padà sí Harlem láti wá máa bójú tó àkójọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó. Ó lọ sí Kúbà ní 1932, ó sì tún kó ìwé bọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ó wà títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù kẹfà ọdún 1938. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ní 1940 a fi orúkọ rẹ̀ pe àkójọ náà, ó sì ti di ilé ìwádìí ńlá lónìí, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mọ́kànlá lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn yìí, kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun ní 1899 kí a lè tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù. Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù ní ilé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Bí ará ilé ìbá ti fi àwọn bébà wọ̀nyẹn dáná, kí ni à bá máa kà lónìí? Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àwòrán àtijọ́ kan ní ilé rẹ̀, kí ó lọ bá àgbà tí ó ṣì mọ̀ ọ́n, kí ó béèrè orúkọ, ìlú àti ọdún, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rí kò wúlò fún ẹni tí ó bá wá a lẹ́yìn tí a ti dá ẹjọ́ tán.